Ọ̀gá Tó Fòfin De Purotíìnì Ọlẹ̀

Ní Mirrabeel tiwa níbí, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, orúkọ la máa ń pe èèyàn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ni Bruce, dókítà ilé ìwòsàn ni Sue, àlùfáà ni Kev, ọmọ ọdún méje sì lè pariwo orúkọ èyíkéyìí nínú wọn láti òdìkejì títì láìsí ẹni tó máa bínú. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá nígbà tí ìjọba fi Ọ̀jọ̀gbọ́n Clarence Mudge ṣe olórí Ilé Ìwádìí Iṣan tó wà lẹ́yìn ìlú, tí ọkùnrin náà sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹni tó bá fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi “Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà” bẹ̀rẹ̀, kó sì tún fi parí. Bí ilé bá ń jóná, ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bi mí bóyá ó mọ nǹkan kan nípa iṣan. Bí wọ́n ṣe ń darí àwọn tó mọ nǹkan ló kà nílé ìwé, ó sì kà á dé òpin. Oòrùn ibí lè din ẹyin lórí irin ọkọ̀, síbẹ̀ kóòtù rẹ̀ kì í ṣí bọ́tìnì. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, àyà rẹ̀ á kọ́kọ́ dé, òun fúnra rẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ẹni tó tún wá ń tẹ̀ lé àwọn méjèèjì ni igbákejì rẹ̀, Trevor Gannaway. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn jẹ́ pé Ọlọ́run dá a ní àtẹ́wọ́ méjì, kò sì rí iṣẹ́ mìíràn tó lè fi wọ́n ṣe. Òun ló máa ń kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ nínú ìpàdé. Bí ọ̀gá bá sín, Trevor á mi orí, á ní, “Ẹ gbọ́ ohùn!”

Ọ̀sẹ̀ tí ọ̀gá tuntun yìí dé ló rìn yíká àwọn yàrá iṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Dókítà Ngaire Paewai, obìnrin ẹ̀yà Māori tó sọdá òkun wá láti ìlú Gisborne, tó mọ iṣan bí ẹni mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri rẹ̀, Ngaire sì ń tọ́ka sí i.

“Ẹ wò ó, ọ̀gá. Sẹ́ẹ̀lì tó máa di iṣan, tó bá dá wà, kò lè fa ohunkóhun. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ara wọn rí, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á yọ́ pọ̀ di okùn kan ṣoṣo. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa ń ṣe purotíìnì tó ń mú iṣan fà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, ti ọlẹ̀ ni, torí inú ìyá lọmọ ṣì wà. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n bí i, wọ́n á máa fi ti ìkókó rọ́pò ẹ̀. Tọ́mọ bá wá ń sáré kiri, ti ìkókó á kógbá wọlé, ti àgbà á gba ipò.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mudge wo àwòrán náà bí ẹni tó rí eku nínú ìkòkò ọbẹ̀.

“Ta ló fọwọ́ sí i?”

“Sí kí ni?”

“Pé kí wọ́n kọ́kọ́ máa ṣe ti ọlẹ̀.”

“Bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn, ọ̀gá.”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà.”

“Bí wọ́n ṣe ń dàgbà nìyẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà.”

“Ẹni tó ṣáájú mi ló gba irú ìwà bẹ́ẹ̀ láyè,” ni Mudge wí. “Owó ìlú la fi ń bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Wọn ò gbọdọ̀ fi àkókò ìlú ṣe ọmọdé.”

Trevor pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú àpótí olóoru tí wọ́n ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì sí. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà kalẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè gbọ́. Ó wúkọ́.

“Ẹ̀yin sẹ́ẹ̀lì ilé ìwádìí yìí! Ọmọ Ọsirélíà ni yín! Àwọn baba ńlá yín fi ẹsẹ̀ la aginjù kọjá, wọ́n sì gbé àgùntàn léjìká! Ṣé wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ọlẹ̀ ni?”

“Ó yẹ kí wọ́n ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ o,” ni Ngaire wí lábẹ́ èémí.

“Wọn ò jẹ́ bẹ́ẹ̀!” ni ọ̀gá dáhùn, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ ló ń dáhùn. “Láti òní lọ, kí oníkálukú jí ní àgbà, kó ṣiṣẹ́ ní àgbà, kó sì sùn ní àgbà!”

Bó ṣe dákẹ́, Trevor nu ojú rẹ̀. “Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà, mo rí wọn. Wọ́n mi orí.”

“Trevor, wọn ò lórí,” ni Ngaire wí.

“Ohun tó jẹ́ kó jẹ́ ìyanu gan-an nìyẹn.”

Ẹ̀yin tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ náà gùn, ilẹ̀kùn àpótí sì wà ní ṣíṣí, atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú. Trevor wá ròyìn fún ọ̀gá pé àwọn tí kò lè bá ètò tuntun lọ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ngaire ṣe ń mọ èyí tó dàgbà yàtọ̀ sí èyí tí kò tíì dàgbà. Aró méjì ló ní. Pupa ń lẹ̀ mọ́ purotíìnì ọlẹ̀ nìkan, èyí tó ní àwọ̀ ewé ń lẹ̀ mọ́ ti àgbà. Tó bá gbé iṣan sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, á tàn bí iná ọjọ́ ọdún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mudge yọjú wo awò náà, ó rí pupa rẹpẹtẹ, inú bí i.

“Pupa yìí ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Ẹ má rà á mọ́.”

“Ọ̀gá, bá a bá pa fìtílà, ṣé ìyẹn ni pé ìdọ̀tí inú yàrá ti lọ?”

“Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà,” ni Mudge tún un ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, awò kò fi ohunkóhun hàn mọ́ àfi àwọ̀ ewé. Ọ̀gá yọ̀. Ó pe àwọn oníròyìn, ó sọ fún wọn pé lábẹ́ àkóso òun, iṣan Mirrabeel ń dàgbà láàárín ọjọ́ kan. Ìwé ìròyìn gbé fọ́tò rẹ̀, àyà ní iwájú. Òfin wá jáde, Trevor sì há a sórí bí ẹni há Orin Dáfídì: ẹran ara èyíkéyìí tí a bá rí pupa lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà kí oòrùn tó wọ̀. Kí ó má bàa sí ìṣòro, Trevor tún kó gbogbo ìgò sọ́ọ̀sì tòmátò kúrò ní ilé oúnjẹ òṣìṣẹ́.

Ibí ni aráàlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Èèyàn lè pa irọ́ fún ìwé ìròyìn, èèyàn lè bá sẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀, ìyẹn ò kàn wá. Àmọ́ kéèyàn jẹ páì ẹran láìsí sọ́ọ̀sì tòmátò? Àwọn darandaran tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jókòó ti páì wọn bí ẹni tó jókòó ti òkú.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà mọ ni, à bá rẹ́rìn-ín, à bá sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Merle Dunstan wọ̀ ọ́.

Opó ni Merle, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, oko rẹ̀ sì wà lẹ́bàá odò tó máa ń gbẹ. Ọ̀dá ti kó àgùntàn rẹ̀ lọ ní ọdún tó kọjá, ìwọ̀nba ìyá àgùntàn tó kù ló sì bímọ lọ́dún yìí. Bí wọ́n ṣe bí àwọn ọmọ náà tán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n á gbìyànjú láti dìde mu ọmú, wọ́n á ṣubú. Ngaire ló dá àìsàn náà mọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní èròjà selẹ́níọ̀mù tó, iṣan àwọn ọmọ náà sì ń bà jẹ́ nítorí rẹ̀. Ó kó wọn wá sí ọgbà ilé ìwádìí, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ èròjà náà, ó sì ń dúró.

“Ngaire, ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi,” ni Merle wí, tó jókòó sórí koríko gbígbẹ pẹ̀lú ọmọ àgùntàn kan lórí itan. “Bí wọn ò bá ní gbádùn, mi ò fẹ́ kí ìyà máa jẹ wọ́n lásán. Màá ní kí wọ́n pa wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá lọ, oko náà lọ nìyẹn. Mi ò ní nǹkan míì.”

“Ẹ fún mi láyè kí n wo inú iṣan wọn, Màmá.”

Ngaire gé bín-ín-tín lára iṣan ọmọ àgùntàn náà. Ó ní aró pupa díẹ̀ tó ti fi pamọ́ sẹ́yìn wàrà nínú fìríìjì, ó lò ó. Nígbà tó fojú sí awò, àwọ̀ ewé kún ibẹ̀, àmọ́ láàárín rẹ̀ ni àwọn ààmì pupa ti ń tàn wínníwínní. Ngaire fò sókè. Ó ń jó. Ó gbá àga lulẹ̀.

Ó ṣeni láàánú pé Trevor ń kọjá lọ.

Kí ijó náà tó tán, ọ̀gá ti dé. “Mo gbọ́ pé pupa ti wọ ilé yìí.”

“Ìròyìn ayọ̀ ni!” ni Ngaire wí. “Wọ́n ń—”

“Àwọn àgùntàn yìí ti padà di ọlẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn. Mínísítà ètò ọ̀gbìn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, màá fi wọ́n hàn án gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣan alágídí, màá sì pàṣẹ lójú rẹ̀ kí wọ́n pa gbogbo wọn. Orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ rí i pé mi ò gba gbẹ̀rẹ́.”

Nítorí pé inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n wà, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ wà. Merle gbọ́, ó sì wọ bàtà òjò rẹ̀ wọnú ọ́fíìsì Mudge lọ láìkan ilẹ̀kùn, ó gé Clarence kúrú bí ẹni ń pe ọmọdé.

“Clarrie!”

“Màmá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí—”

“Mo ti gbọ́, Clarrie. Nígbà tí mò ń fa ọmọ àgùntàn jáde níkùn ìyá ẹ̀ nínú òjò, ìwọ ṣì ń tọ̀ sílédìí. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń dìde. Ọ̀kan ta mí nípàá láàárọ̀ yìí, inú mi dùn débi pé mo sunkún. O ò ní pa wọ́n.”

“Ìwádìí kì í wo ẹkún,” ni Mudge wí. Ó fẹ́ dìde kí Merle lè rí bí òun ṣe ga tó, ṣùgbọ́n ó yára padà jókòó, ó di orí tábìlì mú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Nítorí ìbẹ̀wò Mínísítà, ọ̀gá ti ní kí wọ́n kan pèpéle gíga kan, kí òun lè máa sọ̀ kalẹ̀ láti òkè wá kí àlejò. Bó ṣe ń fi gígun pèpéle náà dánra wò, àyà ní iwájú, ojú lókè ọ̀run, ó tẹ òfúrufú. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ya, ó dún “fàà” bí aṣọ àlòkù. Trevor nìkan ló wà níbẹ̀.

“Olùdarí Àgbà kì í fẹsẹ̀ kọ,” ni Mudge wí láti ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Rárá o. Àtẹ̀gùn ló fẹsẹ̀ kọ yín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olùdarí Àgbà.”

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tiro. Trevor tàn án kálẹ̀ pé ìrìn àwọn ọ̀gá ńláńlá ní Canberra, olú ìlú wa, nìyẹn. Àwọn olórí ẹ̀ka gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ẹni tó bá wọ ilé ìwádìí náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn á rò pé ilé ìwòsàn àwọn tó jábọ́ lórí ẹṣin ni.

Ngaire nìkan ló bi í. “Ẹsẹ̀ yín ń dùn yín, àbí?”

“Ìrìn mi nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ náà gún un lára ju ẹsẹ̀ lọ. Ó ronú títí, ó sì wá rí ọgbọ́n kan tí àwọn ọlọ́gbọ́n kì í rí. “Dókítà Paewai, lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ máa fi iṣan ọmọ àgùntàn han Mínísítà. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi iṣan èmi hàn án. Kí ayé wo àgbà tó dàgbà! Mo fàyè gba aró pupa fún ọjọ́ kan, kí wọ́n lè rí i pé kò sí i lára mi.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Tẹ́sẹ̀ yẹn bá ya, ẹ má jẹ́ ká gé e o, nítorí pé—”

“Kò ya! Ẹsẹ̀ yìí gan-an ni kí wọ́n gé! Ibi tẹ́ ẹ ń fura sí gan-an ni!” Ó gbé e sórí tábìlì, gbàà, ojú rẹ̀ sì di funfun bí ìyẹ̀fun.

Bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Sue ṣe gé bín-ín-tín níbẹ̀. Sue náà kìlọ̀ fún un. Ẹni tó ń gbọ́ àtẹ́wọ́ kì í gbọ́ ìkìlọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Mínísítà jókòó síwájú, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ láyé rẹ̀. Àwọn ọmọ àgùntàn wà nínú ọgbà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Merle dúró tì wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mudge wà lórí pèpéle, ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a dá ayé, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ wá sí orí ara rẹ̀.

Ngaire fi iṣan ọmọ àgùntàn hàn lójú aṣọ funfun ńlá. Àwọ̀ ewé, pẹ̀lú ààmì pupa káàkiri.

“Ẹ wo ìtìjú!” ni Mudge ké. “Ẹ wo ọlẹ̀! Ẹni tó ti bọ́ sáyé tó tún ń ṣe bí ẹni tó wà nínú ìyá! Ó yá, Dókítà Paewai. Ẹ jẹ́ kí orílẹ̀-èdè yìí wo àgbàlagbà.”

Ngaire wò ó lójú. “Ṣó dá yín lójú, ọ̀gá?”

“Ẹ gbé e wá!”

Ó gbé e wá. Aṣọ funfun náà pọ́n láti igun dé igun, bí ojú ọ̀run wa ní ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Pupa ti ọmọ àgùntàn kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Gbogbo orí ní gbọ̀ngàn yí sí ọ̀gá. Trevor, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ lára, pàtẹ́wọ́.

“Háà, Clarrie,” ni Merle wí, “wọn ò tíì bí ẹ!”

Ẹ̀rín bú jáde. Mudge ń kígbe pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, pé ti àgùntàn nìyẹn. Mínísítà gbé ọwọ́ sókè, ó sì kọjú sí Ngaire. “Kí ni mò ń wò?”

Ní tòótọ́, Ngaire lè ti fi ọ̀rọ̀ kan pa ọkùnrin náà níbẹ̀. Gbogbo wa ń retí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

“Ẹsẹ̀ ọ̀gá wa ló ya, Mínísítà. Ó sì ń san. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó máa ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iṣan. Tí iṣan bá fara pa, wọ́n á jí, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á yọ́ pọ̀ bíi ti inú ìyá, wọ́n á sì tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí purotíìnì ọlẹ̀. Tó bá yá, wọ́n á fi ti àgbà rọ́pò ẹ̀ fúnra wọn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Iṣan tí kò bá lè tún un bẹ̀rẹ̀ ló ń kú. Ohun tí àwọn ọmọ àgùntàn Màmá Merle ń ṣe nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá wa náà ń ṣe nìyẹn, ara wọn sì ń ṣe é dáadáa.”

“Ọ̀gbẹ́ni Gannaway,” ni Mínísítà wí, “ṣé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ wọn ya?”

Òógùn bo Trevor. “Àtẹ̀gùn ló fẹsẹ̀ kọ wọ́n, Mínísítà.”

“Kí wá ni òfin ilé yìí sọ nípa ẹran ara tó bá ní pupa?”

Trevor kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàgbé òfin. Ó dúró ṣánṣán, ó sì kà á jáde ketekete: ẹran ara èyíkéyìí tí a bá rí pupa lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà tó parí rẹ̀ ló tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Mudge fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú iyì, ṣùgbọ́n pèpéle tó ní kí wọ́n kàn ga ju bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe lè gbé e lọ. Ó tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó lọgun. Níkẹyìn ó jókòó, ó sì ń fi ìdí wọ́ bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn olórí ẹ̀ka tó ń tiro ń wo òrùlé. Merle ló rìn lọ, tó fún un léjìká.

“Rọra o, Clarrie. Gbé ara lé mi. Mo ti gbé èyí tó wúwo jù ẹ́ lọ.”

Mudge kò sọ fún un bí yóò ṣe máa pe òun.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò pẹ́. Mínísítà béèrè nípa iṣan tó ń dàgbà lọ́jọ́ kan, wọ́n fi aró pupa kùn ún, irọ́ náà sì tàn yòò. Ìwé ìròyìn tó gbé fọ́tò àyà tún gbé fọ́tò ìdí lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ sinmi, ìsinmi náà kò sì ní òpin. Àwọn olórí ẹ̀ka rí ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Sọ́ọ̀sì tòmátò padà sórí tábìlì, àwọn kan nínú àwọn darandaran sì bọ́ fìlà fún un. Àwọn ọmọ àgùntàn Merle lọ sílé nínú ọkọ̀, púpọ̀ nínú wọn lórí ìdúró, wọ́n sì ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Méjì kò là á já. Merle sin wọ́n sábẹ́ igi, oko rẹ̀ sì dúró.

Wọ́n fi Ngaire ṣe olórí. Trevor pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú, Ngaire sì fi í ṣe alábòójútó àwọn àgùntàn inú ọgbà, níbi tí kò sí ẹni tó ń fetí sí ìyìn. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Nígbà tí òtútù ń parí lọ, ọkùnrin kan wọlé sí yàrá iṣẹ́ Ngaire pẹ̀lú ọ̀pá. Kóòtù rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ngaire kò tètè dá a mọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé.

“Ngaire, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ó ṣì wà? Iṣan mi yẹn?”

Ó ṣì wà. Ngaire gbé e sábẹ́ awò, ó sì fa àga fún un. Clarence Mudge tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́, pẹ́, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

“Ó rẹwà,” ni ó wí níkẹyìn. “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ó rẹwà.”

“Ẹ ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ ọ́.”

“Òótọ́ ni.” Kò gbé ojú kúrò. “Ṣé ti àgbà ti wá rọ́pò rẹ̀ báyìí? Ṣé ó ti san tán?”

“Ó yẹ kó ti san. Àmọ́ a ò lè mọ̀ dájú láìgé òmíràn.”

Ó fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, ó sì nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká kàn gbà á gbọ́,” ni ó wí.